BÍ PÀJÁWÌRÌ BÁ DÉ, KÍ NI A Ó KỌ́KỌ́ ṢE?

Olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe dókítà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi ni ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bi àwọn tí ó mọ̀ léèrè, tí mo sì kà nípa rẹ̀, mo wá rí i pé kò yẹ kí n dá a mọ̀.

Ní ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀, nígbà tí a ń se sààrì lọ́wọ́, ọmọbìnrin wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà fa ìkòkò omi gbígbóná lulẹ̀. Omi náà dà sí i ní apá. Mo pariwo, ìyá rẹ̀ pariwo, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́kún. Ẹnì kan sáré mú ẹyin, ó fọ́ ọ sí ojú egbò náà. Ẹlòmíràn gbé ọṣẹ ìfọyín dé, ó fi kún un. Èmi ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ káàkiri yàrá, bẹ́ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àpò ẹ̀wù tí mo wọ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn onítọ̀ọ́jú, ìbéèrè kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bi mí: "Àáfà, ṣé ẹ ti da omi tútù sí i?"

Ẹ̀yin ará, àgbá omi kún dẹ́nu ní ẹ̀yìnkùlé wa ní òru ọjọ́ náà. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibi tí ọmọ náà wà. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó rántí rẹ̀. Ara ọmọ náà yá, a dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n àpá náà wà ní apá rẹ̀ títí di òní. Nígbàkígbà tí ó bá ká apá ẹ̀wù rẹ̀ láti ṣe àlùwàlá ni mo máa ń rí i.

Kì í ṣe pé a kò fẹ́ràn ọmọ wa. Kì í sì í ṣe owó ni a kò ní, nítorí a kì í ra omi àgbá. Ohun tí ó ṣẹ́ wa ni pé a kò tí ì kọ́ ohun tí a ó kọ́kọ́ ṣe kí ọjọ́ náà tó dé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìfarabalẹ̀ kì í ṣe ohun tí a bí mọ́ ẹlòmíràn tí a kò bí mọ́ wa. Ohun tí a ń kọ́ sílẹ̀ ṣáájú ni.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ÈKÓ NÍ ỌDÚN 2002

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ìpayà lè gbé odindi ìlú dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2002, iná kan ràn dé ilé tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà. Bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ ń mì, gíláàsì fèrèsé ń fọ́ ní àwọn àdúgbò tí ó jìnnà sí bárékè náà. Àwọn ènìyàn kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan rò pé ológun ti gbàjọba, àwọn mìíràn rò pé ogun ti dé. Olúkúlùkù gbé ọmọ, ó bẹ́ sí títì, ó ń sáré bí ó ti rí i tí àwọn ẹlòmíràn ń sáré.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn forí lé apá Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n dé ibi kánáàlì tí ó wà ní Òkè-Afa. Ewéko ti bo ojú omi náà, nínú òkùnkùn ó dà bí ilẹ̀ koríko lásán. Àwọn tí ó wà níwájú kó sínú omi. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò mọ̀, wọ́n ń tì wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni àwọn aráàlú rí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. A ṣírò pé àwọn tí ó kú nínú jàǹbá náà lé ní 1,000, ó sì lé ní 600 nínú wọn tí ó jẹ́ pé inú kánáàlì náà ni wọ́n kú sí. Obìnrin àti ọmọdé pọ̀ nínú wọn.

Ẹ fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Bọ́ǹbù kò dé Òkè-Afa. Àwọn tí ó kú síbẹ̀ ti sá jìnnà sí iná kí ikú tó bá wọn. N kò sọ èyí láti bú òkú, nítorí bí èmi náà bá wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, bóyá èmi ni n bá wà níwájú. Kò sí ẹni tí ó tètè sọ fún wọn ibi tí iná náà wà àti ibi tí ó yẹ kí wọ́n gbà. Kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, kí Ó tu àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa ni pé nínú pàjáwìrì, ohun méjì ni ó ń pa ènìyàn: jàǹbá náà fúnra rẹ̀, àti ohun tí a ṣe nítorí rẹ̀. Èkíní lè kọjá agbára wa, ṣùgbọ́n èkejì wà ní ìkáwọ́ wa.

OHUN TÍ ÌPAYÀ Ń ṢE FÚN ARA

Nígbà tí ẹ̀rù òjijì bá ba ènìyàn, àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, èémí á yá, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sí ẹsẹ̀ àti apá. Ọwọ́ á máa gbọ̀n. Ojú á wo ohun kan ṣoṣo, kò ní rí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Etí kò ní gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ. Nọ́ńbà fóònù tí a ń pè lójoojúmọ́ á fò lọ lórí. Ọlọ́hun fi èyí sí ara wa kí a lè tètè sá fún ẹranko búburú, àǹfààní sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n epo tí ó gbiná nínú páànù kì í ṣe kìnnìún, ẹsẹ̀ eré kì í pa á.

Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ara kì í lè ronú ohun tuntun. Ohun tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ ni ó máa ń ṣe. Ẹ wo ọmọ kéwú tí ó ti ń ṣe àlùwàlá láti kékeré. Bí oorun tilẹ̀ wà lójú rẹ̀ ní àsìkò ìrun Àsùbáà, ọwọ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fọ̀, lẹ́yìn náà ni ẹnu, imú, ojú àti apá. Kò dúró láti ronú. Ó ti ṣe é títí ó fi wọ̀ ọ́ lára. Bí ó ti yẹ kí a kọ́ ọ̀rọ̀ pàjáwìrì náà nìyẹn, títí ọwọ́ á fi mọ ọ̀nà kí orí tó rántí.

OHUN MẸ́RIN TÍ A Ó KỌ́ SÍLẸ̀

Èkíní: Ẹ dúró, ẹ mí. Ẹ fa èémí sínú jẹ́jẹ́ láti imú, kí ẹ sì tú u jáde pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ jù bí ẹ ti fà á lọ. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò gba ìdajì ìṣẹ́jú kan. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ yín bá ti mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, ẹ ṣe é bí ẹ ti ń mí lọ.

Èkejì: Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ṣé iná ṣì ń jó? Ṣé wáyà iná mànàmáná wà nílẹ̀? Ẹ̀yin náà ti gbọ́ irú ìròyìn yìí rí: wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń fa omi tí ó ń lo epo bẹntiróòlù sọ̀kalẹ̀ sínú kànga, èéfín rẹ̀ kún ibẹ̀, ẹni tí ó wọlé dákú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ wọlé láti yọ ọ́, òun náà kò jáde. Ẹnì kẹta tún wọlé. Ìfẹ́ ni ó pa ẹnì kejì àti ẹnì kẹta, nítorí èéfín ẹ̀rọ kì í fi òórùn kìlọ̀ fún ènìyàn nígbà mìíràn. Nínú kànga tí èéfín wà, ẹ má wọ ibẹ̀. Ẹ pe panápaná, kí ẹ sì ju okùn sí ẹni náà bí ó bá ṣì lè dì í mú. Òkú kì í gba ẹlòmíràn là.

Ẹ̀kẹta: Ẹ ṣe ohun kan tí ó ṣáájú. Gbogbo jàǹbá ni ó ní ohun tí a ń kọ́kọ́ ṣe, mo máa to díẹ̀ nínú wọn sí ìsàlẹ̀. Kì í ṣe ohun márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ni.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ pe ènìyàn ní orúkọ. Bí a bá pariwo pé "ẹ gbà wá o," gbogbo ènìyàn á jáde, olúkúlùkù á máa wo ẹnì kejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé, "Súlè, pe 112. Ìyá Mùsá, ẹ bá mi gbé omi wá," iṣẹ́ á ní oníṣẹ́. Nọ́ńbà 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní gbogbo Nàìjíríà, pípè rẹ̀ kò ná ni ní kọ́bọ̀. Nọ́ńbà 122 ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, fún jàǹbá ọkọ̀. Bí wọ́n bá gbé e, ibi tí ẹ wà ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí fóònù tó já. Ní Adéwọlé wa níbí, ọ̀pọ̀ òpópónà ni ó jọ ara wọn, nítorí náà ẹ dárúkọ mọ́ṣáláṣí tàbí ilé-ìwé tí ó sún mọ́ yín, kí ẹ sì rán ọmọ kan lọ dúró ní ìta títì láti júwe ọ̀nà. Lẹ́yìn ibi tí ẹ wà ni kí ẹ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti iye ènìyàn tí ó farapa. Ẹ má pa fóònù títí wọn á fi ní ó tó.

ÀWỌN JÀǸBÁ TÍ Ó WỌ́PỌ̀ NÍNÚ ILÉ

Omi gbígbóná tàbí iná jó ọmọ. Omi tútù ni ohun àkọ́kọ́. Ẹ máa dà á sí i fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ yọ òrùka, ẹ̀gbà àti aṣọ tí kò lẹ̀ mọ́ ara kúrò. Kì í ṣe omi yìnyín. Ẹ má fi ẹyin, ọṣẹ ìfọyín, ògì, epo pupa tàbí bọ́tà sí i. Ẹ má bẹ́ ohun tí ó bá lé. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó láì fún un, kí ẹ sì gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù.

Epo gbiná nínú páànù. Ẹ má da omi sí i láéláé. Omi á mú kí epo náà fò sókè pẹ̀lú iná, á sì bo ẹni tí ó dà á. Ẹ pa iná abẹ́ rẹ̀ bí ọwọ́ bá tó o, ẹ rọra ti ọmọrí ìkòkò bò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi í sílẹ̀ títí á fi tutù. Ẹ má gbé páànù náà kiri. Bí aṣọ bá gbiná lára ènìyàn, kí ó má sáré, nítorí afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ iná náà. Kí ó dùbúlẹ̀, kí ó máa yí gbiri, kí a sì fi aṣọ tí ó nípọn wé e. Bí èéfín bá kún ilé, ẹ rákò jáde, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó dára máa ń wà nísàlẹ̀.

Òórùn gáàsì nínú ilé ìdáná. Ẹ má tan iná mànàmáná, bí ó bá sì ti wà ní títàn, ẹ má pa á, nítorí ìṣáná kékeré tí ó wà nínú rẹ̀ tó láti mú gáàsì gbiná. Ẹ má ṣá ìṣáná, ẹ má tẹ fóònù níbẹ̀. Ẹ ti ẹnu sìlíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí gbogbo ará ilé jáde kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Gìrì mú ọmọ. Jàǹbá yìí ni ìpayà ti ń ṣe wá ní ibi jù lọ. Ẹ tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí itọ́ lè máa ṣàn jáde, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ wo aago. Ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹnikẹ́ni kì í gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Ẹ má di apá rẹ̀ mú. Ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ yá iná. Ẹ má sì rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé nípa àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe, pé ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lulẹ̀, pé ó sì ti sọ gìrì tí ì bá lọ fúnra rẹ̀ di ikú tàbí àìsàn ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ gìrì ni ó ń dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó dúró, bí kò dúró, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ náà, nítorí ibà líle lè wà nídìí rẹ̀. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má dúró de ohunkóhun mọ́.

Ọmọ mu kẹrosíìnì. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kí ó bì. Bí ó bá bì, kẹrosíìnì náà lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù pẹ̀lú ìgò tí ó mu nínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé a rọ kẹrosíìnì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọdé kò mọ ìyàtọ̀.

Ejò bu ènìyàn jẹ. Kí ẹni náà má rìn, kí ó má sáré, nítorí bí ara bá ṣe ń mì ni oró ṣe ń tàn. Ẹ yọ òrùka àti bàtà rẹ̀. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ di ẹsẹ̀ náà kí ó má bàa mira, ṣùgbọ́n ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá tí wọ́n ti lè ní abẹ́rẹ́ oró ejò. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí wíwá ejò náà.

Iná mànàmáná mú ènìyàn. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Ẹ pa iná láti ibi tí a ti ń pa ti gbogbo ilé. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dúró lórí ohun gbígbẹ, ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò. Bí wáyà ńlá ti ìta bá já lulẹ̀, ẹ jìnnà sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ ọn títí àwọn oníná fi máa dé.

Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ gbọin-gbọin, ẹ má ṣí i wò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Bí ó bá jẹ́ imú ni, kí ọmọ náà tẹ orí síwájú, kì í ṣe sẹ́yìn, kí a sì fún ibi tí imú ti rọ̀ mọ́ra fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Oúnjẹ há ẹnì kan lọ́fun. Bí ó bá ń wúkọ́, ẹ jẹ́ kí ó máa wúkọ́. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀ tàbí mí mọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a ní ẹ̀yìn láàárín èjìká méjèèjì ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi apá yí i ká, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sí òkè ìdodo rẹ̀, kí ẹ fà á wọlé sókè ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan kò gba èyí ní ikùn. Ẹ da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí apá yín, kí ẹ máa gbá a ní ẹ̀yìn. Bí kò bá jáde, ẹ yí i padà, kí ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún.

Nínú èrò. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ Mẹ́kà mọ bí èrò ti ń rí. Ní Mínà, ní ọjọ́ 24, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2015, èrò fún ara wọn pọ̀ títí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kú, ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Bí èrò bá ti ń fún pọ̀, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sí iwájú àyà kí ẹ lè rí àyè mí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ mú ohun tí ó bá jábọ́. Ẹ má bá èrò jà, ẹ máa bá wọn lọ, kí ẹ máa yà díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ní mọ́ṣáláṣí àti ilé-ìwé wa, kí olúkúlùkù mọ ilẹ̀kùn kejì yàtọ̀ sí èyí tí ó gbà wọlé.

PÀJÁWÌRÌ TI ÌRÒYÌN

Pàjáwìrì kan tún wà tí kì í jó, tí kì í sì í dún. Etí ni ó ń gbà wọlé. Ní ọjọ́ 20, oṣù keje, ọdún 2014, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Patrick Sawyer gúnlẹ̀ sí Èkó láti Làìbéríà pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan jáde lórí fóònù pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí wọ́n sì mu ún, pé kò ní jẹ́ kí Ebola mú wọn. Ní òru ni wọ́n ń jí ara wọn sọ fún un ní ọ̀pọ̀ ìlú. Kò sí ẹni tí ó béèrè pé ta ni ó sọ ọ́. Kí oṣù náà tó dé ìdajì, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ebola kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní àsìkò kan náà, àwọn mìíràn gbọ́ ìròyìn ẹ̀rù kan náà, wọ́n fara balẹ̀. Dókítà Ameyo Adadevoh, ẹni tí ó tọ́jú ọkùnrin náà ní Èkó, fura, ó ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sì jẹ́ kí ó jáde kúrò ní ọsibítù bí wọ́n tilẹ̀ ń fi agbára béèrè rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn tí ó ti fara kan aláìsàn rí, àwọn bí 900, wọ́n ń tọ̀ wọ́n lọ láti ilé dé ilé láti wo bí ara wọn ti rí títí 21 ọjọ́ fi pé. Àrùn náà mú dókítà náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti tán ní Nàìjíríà. Ènìyàn 20 ni ó mú, 8 ni ó kú. Nínú ìlú tí ó kún bí Èkó, ìfarabalẹ̀ àti iṣẹ́ ni Ọlọ́hun fi ṣe sababí rẹ̀.

Nítorí náà, bí ìròyìn ẹ̀rù bá wọlé sórí fóònù yín, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó fi ránṣẹ́: Ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́? Ta ni ó mọ̀ nípa rẹ̀ tí mo lè bi? Bí ó bá jẹ́ irọ́, ta ni yóò farapa?

ÌMÚRA SÍLẸ̀

Ẹ wá jókòó pẹ̀lú àwọn ará ilé yín ní ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun. Ẹ kọ nọ́ńbà 112, 122, nọ́ńbà ọsibítù tí ó sún mọ́ yín, ti panápaná ìpínlẹ̀ wa, àti ti aládùúgbò méjì tí ó ní ọkọ̀, sórí ìwé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn àti ti ọkọ̀ ní ìṣó kan tí wọn kò ní kúrò lórí rẹ̀. Irin tí a fi ń dáàbò bo fèrèsé nítorí olè, kí ọ̀kan ó kéré tán ṣeé ṣí láti inú. Ẹ fi ibi tí a ti ń pa iná gbogbo ilé han àwọn ọmọ tí ó ti gbọ́njú. Ẹ yan ibi kan ní ìta tí gbogbo yín á ti pàdé bí iná bá ṣẹlẹ̀, kí ẹ lè ka ara yín. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ilé tàbí abẹ́ fèrèsé, òjò ì báà máa rọ̀. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti kọ́ wa láti pa iná àtùpà kí a tó sùn. Bí gáàsì àti stóòfù ti wà lónìí, ẹ̀kọ́ náà kò yí padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe é bí eré. Kí bàbá sọ pé, "Epo ti gbiná," kí ọmọ sáré mú ọmọrí. Kí ìyá sọ pé, "Omi gbígbóná dà sí mi," kí ọmọ fà á lọ sí ìdí omi. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n fi ẹ̀rín kọ́ kì í tètè gbàgbé.

Bí a ti ń ṣe é ní ilé tiwa nìyẹn láti ìgbà tí apá ọmọ wa ti jó. Ní èṣí, n kò sí nílé nígbà tí tíì gbígbóná dà sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní ẹsẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ọmọbìnrin wa jókòó sí ìdí ẹ̀rọ omi, ó gbé ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ lé orúnkún, ó ń fi ife da omi sí i, ó ń wo aago ògiri. Àbúrò ń sunkún, òun kò sunkún. Ó ní, "Bàbá, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Màmá ti lọ pe ọkọ̀." Ẹsẹ̀ náà jinná, kò ní àpá.

Kí Ọlọ́hun má fi jàǹbá kàn wá. Bí ó bá sì dé, kí Ó fún wa ní ọkàn tí ó balẹ̀ àti ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Àmín.